Kìnnìún Sìmẹ́ǹtì Lẹ́nu Géètì Wa

Kútúbà ọjọ́ Jímọ̀, Ìjẹ̀gùn, Ìpínlẹ̀ Èkó

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá ẹ̀dá láìwo àpẹẹrẹ kankan, Ọba tí ó ń ya àwòrán ọmọ sínú ikùn ìyá bí Ó ṣe fẹ́. À ń dúpẹ́ fún Un, à ń tọrọ àánú àti ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń sá di Í kúrò níbi aburú ọkàn wa àti aburú iṣẹ́ ọwọ́ wa. A jẹ́rìí pé kò sí ọba kan tí ìjọsìn tọ́ sí àyàfi Ọlọ́hun, Ọ̀kan ṣoṣo tí kò ní orogún. A sì jẹ́rìí pé ẹrúsìn Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni Ànábì wa Muhammad. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ àjíǹde.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin olùgbàgbọ́ òdodo lọ́kùnrin àti lóbìnrin, a ń sọ ọ́ fún ara wa kí a tó sọ ọ́ fún yín pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba.

Ọ̀rọ̀ òní kò jìnnà sí wa. Ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà Ìkòtún wá sí Ìjẹ̀gùn yóò ti bá a pàdé kí ó tó dé ẹnu ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí yìí. Kìnnìún méjì jókòó sórí òpó géètì, wọ́n lanu, wọ́n yọ èékánná. Ní ojúlé tí ó tẹ̀ lé e, ẹyẹ idì na ìyẹ́ bí ẹni pé ó fẹ́ fò lọ. Ilé míràn ní ẹṣin funfun tí ó gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè láàárín ọgbà òdòdó. Sìmẹ́ǹtì ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ wọ́n mọṣẹ́. Ó yọ irun ọrùn kìnnìún ní fọ́nrán-fọ́nrán, ó kun ahọ́n rẹ̀ ní pupa, débi pé ọmọ kékeré a máa fara pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀ tí wọ́n bá ń kọjá.

Ìbéèrè méjì ni ó mú wa yan ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ bàbá wa kan wá, tí ó ń parí ilé rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ sọ fún un pé géètì rẹ̀ kò tíì pé àfi bí kìnnìún méjì bá jókòó lé e, ó sì fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀sìn wí kí ó tó sanwó. Èkejì ti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa wá, ẹni tí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ jẹ́ mímọ àwọn ẹranko wọ̀nyí gan-an. Ó gbọ́ wáàsí kan lórí rédíò pé inú iná ni gbogbo oníṣẹ́ ère ń lọ. Láti ọjọ́ náà, kò wá kírun Jímọ̀ mọ́. Ó ní kí ni òun tún ń wá nínú sáàfù nígbà tí wọ́n ti ka òun mọ́ ará iná, tí ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta sì ń wo ọwọ́ òun fún oúnjẹ. Ti ẹnì kejì yìí ni ó gba oorun lójú wa. Ẹni tí ó ń kọ́lé lè fi kìnnìún sílẹ̀ kí ó sì sùn. Ẹni tí ó ń mọ kìnnìún kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó sì jẹun.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí àwọn ẹranko yìí ti wá. Àwọn Àgùdà, ọmọ ilẹ̀ wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí wọ́n sì padà sí Èkó ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ni wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà ológe wọlé: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, òpó tí a fi òdòdó sìmẹ́ǹtì yí ká, àti kìnnìún lórí géètì. Àṣà náà ti Èkó dé àwọn ìlú ńláńlá ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí owó kòkó bá yọ lọ́wọ́ rẹ̀ a kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, a sì gbé kìnnìún síwájú rẹ̀, kí ayé lè mọ̀ pé òun náà ti di ènìyàn. Kò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn ọba ń ṣe. Kìnnìún ni àmì Glele, ọba Dàhómì, a sì yọ ọ́ sára ògiri ààfin Abomey. Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ jù báyìí lọ láyé àtijọ́, nítorí pé ère ọ̀ọ̀nì tí a fi òkúta gbẹ́ wà ní Igbó Orè ní Ilé-Ifẹ̀, iwájú òrìṣà ni wọ́n sì wà, kì í ṣe iwájú ilé olówó.

Nítorí náà, a kò sọ pé ẹni tí ó gbé kìnnìún sórí géètì rẹ̀ lónìí ń bọ ọ́. Ọ̀ṣọ́ ni ó pè é, a sì gbà á gbọ́. Bí a bá pè é ní abọ̀rìṣà, a ti parọ́ mọ́ ọn, irọ́ mọ́ Mùsùlùmí sì wúwo níwájú Ọlọ́hun.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ère ṣe bẹ̀rẹ̀ nínú ìtàn ọmọ ènìyàn. Nínú Súrà Núhù, Ọlọ́hun dárúkọ òrìṣà márùn-ún tí ìjọ Ànábì Núhù kọ̀ láti fi sílẹ̀: Wadd, Suwá‘, Yagúth, Ya‘úq àti Nasr. Ibn Abbás ṣàlàyé, bí Bukhárí ṣe gbà á wá, pé orúkọ àwọn ẹni rere ni. Nígbà tí wọ́n kú, èṣù kọ́ àwọn ènìyàn láti gbé ère sí ibi tí wọ́n ti máa ń jókòó, kí wọ́n má baà gbàgbé wọn. Ìran àkọ́kọ́ kò bọ wọ́n. Ìgbà tí ìran náà kú tán, tí ìmọ̀ sì parẹ́, ni àwọn ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ wọ́n. Àwọn onítumọ̀ Àlùkùráánì kan tún sọ pé Yagúth ní ìrísí kìnnìún, Ya‘úq ní ìrísí ẹṣin, Nasr sì ní ìrísí ẹyẹ ńlá, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ṣe túmọ̀ sí ní èdè Lárúbáwá. Kìnnìún, ẹṣin àti ẹyẹ: ẹ̀yin ará Ìjẹ̀gùn, ẹ padà lọ wo orí géètì wa.

Bẹ́ẹ̀ ni ti Sámírí, tí ó fi wúrà mọ ọmọ màlúù fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nígbà tí Ànábì Músá lọ bá Olúwa rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó mọ ọ́n dáadáa débi pé ó ń dún bí màlúù. Dídára iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni ó fi mú ojú àwọn ènìyàn. Nígbà tí Ànábì Músá dé, ó sun ère náà, ó sì da eérú rẹ̀ sínú òkun.

Láyé tiwa yìí pẹ̀lú, ọ̀nà láti géètì dé ojúbọ kò gùn tó bí a ti rò. Nígbà tí Susanne Wenger, tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ń gbé ère ńláńlá dìde ní Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, àwọn bíríkìlà bíi Adébísí Àkànjí ni ó bá a ṣe é. UNESCO fi igbó náà sínú ìwé ohun àjogúnbá ayé ní 2005. Sìmẹ́ǹtì kan náà ni, yanrìn kan náà ni, ọwọ́ bíríkìlà kan náà ni.

Kí wá ni òfin? Abú Uráírà gbà á wá, Abú Dáwúùdù àti Tirmísì sì kọ ọ́ sílẹ̀, pé màláíkà Jìbúrílù ṣe àdéhùn láti wá sílé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ṣùgbọ́n kò wọlé. Nígbà tí wọ́n pàdé, ó sọ ohun mẹ́ta tí ó dá òun dúró: ère wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, aṣọ ìkélé tí ó ní àwòrán wà nínú ilé, ajá kan sì wà níbẹ̀. Ó ní kí a gé orí ère náà kí ó lè dà bí igi, kí a fi aṣọ ìkélé náà rán ìrọ̀rí, kí a sì lé ajá náà síta. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí ère yẹn wà. Kò sí ní iyàrá, kò sí ní pálọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni ó wà, ibi kan náà tí àwa ń gbé tiwa sí.

Àwọn àáfáà ìlànà Ìmáámù Máálíkì, èyí tí àwọn baba wa ń tẹ̀ lé láti ọjọ́ pípẹ́, wá fún wa ní òṣùwọ̀n tí kò nira. Wọ́n ní ère tí a kọ̀ ni èyí tí ó jẹ́ ti ẹ̀dá ẹlẹ́mìí, tí ara rẹ̀ pé tó èyí tí ẹ̀dá fi lè wà láàyè, tí ó sì ní òjìji. Òjìji ni kí ẹ fi sọ́kàn. Nígbà tí oòrùn bá yọ ní òwúrọ̀, ẹ wo ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ géètì yín: bí ẹ bá rí òjìji kìnnìún nílẹ̀, èyí tí a ń sọ nìyẹn. Àwòrán tí a tẹ̀ sórí bébà tàbí aṣọ, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fúyẹ́ ju èyí lọ lọ́dọ̀ wọn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi owó náírà tí ó wà lápò wa dá wa lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n yọ ohun ìṣeré ọmọdé sílẹ̀, nítorí pé Áíṣà ní ọmọláńgidi, ó sì ní ẹṣin alápá méjì kan láàárín wọn. Nígbà tí Ànábì bi í léèrè, ó fèsì pé ṣebí ẹṣin Ànábì Sulaimọ́nà ní ìyẹ́. Ànábì rẹ́rìn-ín títí eyín ọ̀kánkán inú fi hàn.

Wọ́n á sọ pé Ànábì Sulaimọ́nà ńkọ́? Òtítọ́ ni pé Súrà Sába’ sọ pé àwọn àlùjọ̀nnú ń ṣe ère fún un. Àwọn onímímọ̀ kan ní ère ohun tí kò lẹ́mìí ni, àwọn míràn ní òfin ìgbà tirẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti ìgbà tiwa. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, kò kan géètì yín.

Àwọn tí ó ti rìnrìn àjò tún ń mẹ́nu kan ààfin Alhambra ní Granada, ní ilẹ̀ Sípéènì, níbi tí kìnnìún òkúta méjìlá gbé ru agbada omi láàárín àgbàlá. Ọba Mùsùlùmí ni ó kọ́ àgbàlá náà lóòótọ́, Muhammad Karùn-ún, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Andalus yẹn kan náà, ní ìlú Sevilla, ni Ibn al-Arabí, àgbà onímímọ̀ Máálíkì tí ó kú ní 1148, ti wá, òun sì ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnu àwọn onímímọ̀ kò lórí ère tí ó ní òjìji, àyàfi ohun ìṣeré ọmọdé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ fún nǹkan bí igba ọdún kí ọba yìí tó gbé kìnnìún rẹ̀ sílẹ̀. Ọba ṣe é, onímímọ̀ kọ̀ ọ́. A kì í fi ààfin ọba ṣe ẹ̀rí nínú ẹ̀sìn.

Ohun kan kù tí a kò gbọ́dọ̀ fi bò. Àwọn kan wà, kódà nínú àwa tí a ń kírun, tí wọ́n gbà lọ́kàn pé kìnnìún yẹn ń ṣọ́ ilé, pé ojú rẹ̀ ń lé olè àti aṣebi sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá gba èyí gbọ́ ti kúrò níbi ọ̀ṣọ́, ó ti dé etí ẹbọ. Ẹ̀yin tí ẹ pẹ́ ní Ìjẹ̀gùn kò ní gbàgbé May 15, 2008, nígbà tí katakata tí ó ń ṣe ọ̀nà gún páìpù epo tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀, tí iná sọ, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò, tí ilé sì jóná. Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn tí ó lọ, kí Ó tu àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú. Iná náà kò bèèrè ilé tí kìnnìún ń ṣọ́ àti ilé tí kò ní. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí yóò ṣọ́ ilé yín, Ànábì ti sọ pé èṣù a máa sá kúrò nínú ilé tí a bá ti ń ka Súrà Al-Baqarah. Ẹ kà á. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n kà á.

A ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún àwa àti ẹ̀yin.

Kútúbà kejì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, a padà sí ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó sá fún mọ́ṣáláṣí. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà tí a fẹ́ kí ó gbọ́, bóyá ẹnìkan yóò mú ìwé yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin kan wá bá Ibn Abbás, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni òun fi ń jẹun, àwòrán ẹ̀dá sì ni òun ń ṣe. Bukhárí àti Muslim ni ó gba ìtàn náà wá. Ibn Abbás kò lé e. Ó ní kí ó sún mọ́ òun. Ó sún mọ́ ọn. Ó tún ní kí ó sún mọ́ òun sí i, títí tí ó fi gbé ọwọ́ lé ọkùnrin náà lórí. Ìgbà náà ni ó sọ ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu Ànábì fún un, pé a óò pàṣẹ fún ẹni tí ó ya ẹ̀dá pé kí ó fẹ́ ẹ̀mí sí i, kò sì ní lè fẹ́ ẹ láé. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà, ojú rẹ̀ sì funfun. Ibn Abbás wá ní bí kò bá ṣeé ṣe fún un láti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ó máa ya igi àti gbogbo ohun tí kò lẹ́mìí.

Ẹ wo ọwọ́ yẹn lórí rẹ̀. Òdodo kan náà ni Ibn Abbás sọ tí oníwáàsí orí rédíò sọ, kò fi omi là á. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ọkùnrin náà, kò sì jẹ́ kí ó lọ láìfún un ní iṣẹ́ míràn tí yóò máa ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ iṣẹ́ ẹlòmíràn di èèwọ̀, kí ó múra láti dúró tì í títí yóò fi rí òmíràn ṣe.

Iṣẹ́ míràn náà wà, nítorí pé ẹni tí ó lè mọ kìnnìún ti mọ ohun gbogbo tí ó nílò: bí a ṣe ń tẹ rọ́ọ̀dù, bí a ṣe ń fi wáyà dì í, bí a ṣe ń po sìmẹ́ǹtì tí kò ní là, bí a ṣe ń fi ọwọ́ yọ ewé títí yóò fi dà bí èyí tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ẹ lọ sí Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Mohammed Shitta Bey ni ó fi owó rẹ̀ kọ́ ọ, wọ́n sì ṣí i ní July 4, 1894. Ọmọ Àgùdà ni ẹni tí ó yàwòrán rẹ̀, João Baptista da Costa, láti inú ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ tí ó mú kìnnìún wá sí Èkó. Ẹ wo iwájú mọ́ṣáláṣí náà: òdòdó ni wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ó ti lé ní 130 ọdún, ó ṣì ń dá àwọn tí ó ń kọjá dúró.

Nítorí náà, a wí fún bàbá wa tí ó ń kọ́lé: ẹ má gbé kìnnìún sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má fi géètì yín sílẹ̀ lásán kí ẹ sì sọ pé ẹ ti ṣe ẹ̀sìn. Ẹ pe ọmọ yìí, ẹ ní kí ó ṣe òdòdó, tàbí ọ̀pẹ, tàbí òṣùpá àti ìràwọ̀ sí i, kí ẹ sì san iye tí ẹ ò bá san fún kìnnìún méjì náà. Ẹ má ná an mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ti mọ́ṣáláṣí wa, ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò pé òun àti ẹlòmíràn nínú ìjọ tí ó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni a óò gbé ọ̀ṣọ́ òpó iwájú àti ọwọ́ àtẹ̀gùn ilé kéwú fún, a ó sì san ìdajì owó náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ère tí ó ti mọ sílẹ̀ tí kò tíì tà ńkọ́? Ànábì kọ títa ère, nítorí náà kí ó fọ́ wọn. Kòtò kò wọ́n ní àdúgbò yìí. Ẹ̀ẹ̀rùn sìmẹ́ǹtì yóò wúlò lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ti gba owó ìṣáájú lọ́wọ́ oníbàárà, kí ó fi iṣẹ́ míràn lọ̀ ọ́ tàbí kí ó dá owó rẹ̀ padà. Bí kò bá ní owó náà lọ́wọ́ mọ́, kí ó wá rí wa. Ohun tí ó sì ti jẹ kí ó tó mọ òfin, ó ti di ti ẹ̀yìn. Ọlọ́hun ni Aláforíjìn.

Ẹni tí kìnnìún ti wà lórí géètì rẹ̀ pẹ́, tí ilé jẹ́ tirẹ̀, kí ó sọ ọ́ kalẹ̀. Gígé orí rẹ̀ tó ní ti òfin, ṣùgbọ́n kìnnìún tí kò lórí kò dùn ún wò lẹ́nu ọ̀nà ènìyàn. Ẹni tí ó jẹ́ ayálégbé kò ní àṣẹ lórí géètì onílé. Kí ó bá onílé sọ̀rọ̀ ní pẹ̀lẹ́tù. Bí ó bá kọ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ayálégbé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ère tí ó wà nílé aládùúgbò, ìbáà ṣe Mùsùlùmí, ìbáà ṣe onígbàgbọ́, ìbáà ṣe ààfin baálẹ̀. Ọdún mẹ́tàlá ni Ànábì fi ṣe ìpèpè ní Mẹ́kà, tí àwọn òrìṣà yí Káábà ká, kò sì fọ́ ọ̀kan. Ìgbà tí àṣẹ ìlú bọ́ sí i lọ́wọ́, ní ọdún kẹjọ lẹ́yìn Híjírà, ni ó tó kó gbogbo 360 náà kúrò. Bí ẹnìkan bá mẹ́nu kan Ànábì Ìbúráhímà, ẹ sọ fún un pé ànábì ni, Ọlọ́hun sì ń bá a sọ̀rọ̀. Ta ni ó bá ìwọ sọ̀rọ̀? Ọlọ́hun tilẹ̀ kọ̀ fún wa nínú Súrà Al-An‘ám láti bú ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń sìn, kí àwọn náà má baà fi àìmọ̀ bú Ọlọ́hun. Ẹni tí ó bá gbé òòlù lọ sí géètì ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí ó má ṣe dárúkọ mọ́ṣáláṣí yìí.

Ìwọ Ọlọ́hun, Ọba tí ó ń ya àwòrán ẹ̀dá, fi ohun tí ó tọ́ rọ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa tí ó ń fi ọwọ́ wọn jẹun lágbára. Ṣí ilẹ̀kùn arísìkí tí ó mọ́ fún wọn. Dá ẹni tí ó sá jìnnà padà sínú sáàfù wa. Jẹ́ kí àwọn màláíkà máa wọ ilé wa. Forí jin àwa, àwọn òbí wa, àti gbogbo Mùsùlùmí, alààyè àti òkú. Àmín.

Ẹ dìde, ẹ tò sáàfù, kí a gbé ìrun dúró.